Ẹtù Tàbí Àlàárì? Ọ̀rọ̀ Lórí Dídá Àwọ̀ Padà Sára Fọ́tò Àtijọ́

Bí ènìyàn bá wọ yàrá àlejò ní ọ̀pọ̀ agboolé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó tó jókòó ni ojú rẹ̀ yóò ti kan àwòrán kan lórí ògiri. Baba àgbà kan ni ó jókòó gbagidi lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún, ó sì kọjú sí ẹni tí ń wò ó láìṣẹ́jú. Agbádá ńlá ni ó wọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò náà ti ṣú. Apá kan ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, apá kejì ti dúdú bí ẹni pé èéfín wọ̀ ọ́ lára, dígí tí a fi bò ó sì ti lẹ̀ mọ́ ọn níbi tí òjò jò sí. Bí àwọn ọmọ ilé bá ń múra ayẹyẹ ìrántí baba náà ní òde òní, wọn a gbé fọ́tò yìí tọ ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà lọ, wọn a sì ní kí ó bá wọn mú un mọ́lẹ̀, kí ó sì fi àwọ̀ sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ ti parí. Baba ti wọ agbádá aró, fìlà rẹ̀ ti di pupa, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ sì ti di aláwọ̀ ewé. Inú gbogbo ilé a dùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn kì í sáábà bèèrè: ta ni ó sọ pé aró ni agbádá náà?

Ìbéèrè yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí ó gbà pé aṣọ kò ju ohun ìbora lọ. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Aṣọ òfì mẹ́ta ni àwọn àgbà kà sí aṣọ iyì jù lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní àwọ̀ tirẹ̀ àti orírun tirẹ̀. Sányán ni a fi òwú tí a rí lára ilé kòkòrò inú igbó hun. Àwọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ti iyanrìn tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ rin. Ẹtù ni a fi òwú tí a rẹ sínú aró léraléra hun, títí tí yóò fi dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ bí òru, tí a ó sì fi ìlà tín-ín-rín sí i, èyí tí ó mú kí ó jọ ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù tí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Àlàárì ni pupa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òwú sílíkì pupa tí wọ́n fi ń hun ún a máa ti etí òkun àríwá Áfíríkà wá, a sì la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lórí ràkúnmí kí ó tó dé ọwọ́ àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó wọ àlàárì nígbà náà, owó ńlá àti ọ̀nà jíjìn ni ó gbé wọ̀. Bí a bá wá sọ àlàárì baba ènìyàn di ẹtù, ẹwà fọ́tò lè má bàjẹ́, ó tilẹ̀ lè lẹ́wà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n a ti yí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ padà.

Ohun tí ó mú ọ̀ràn náà le ni pé fọ́tò àtijọ́ fúnra rẹ̀ kì í jẹ́rìí òtítọ́ lórí pupa àti aró. Láti ìgbà tí Daguerre, ará Faransé, ti fi ọ̀nà fọ́tò tirẹ̀ han gbogbo ayé ní 1839, fàdákà ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Èròjà tí a fi fàdákà ṣe ni a ń tẹ́ sórí irin, gíláàsì tàbí fíìmù. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á a ṣú. Nígbà tí a bá sì ti ara nẹ́gátíìfù tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ibẹ̀ a di funfun. Ṣùgbọ́n fàdákà yìí kì í rí gbogbo ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Aró ni ojú rẹ̀ mọ̀. Sí pupa, afọ́jú ni. Ní 1873, Hermann Vogel, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, rí i pé bí a bá fi àwọ̀ tí a fi ń pa aṣọ láró kún èròjà náà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí rí àwọ̀ ewé pẹ̀lú. Síbẹ̀síbẹ̀, ọ̀pọ̀ gíláàsì àti fíìmù tí àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ń lò títí wọ inú ọ̀rúndún ogún ni kò mọ pupa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lè tan iná pupa nínú yàrá òkùnkùn wọn láìba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún baba orí ògiri yẹn. Ojú ọ̀run aláwọ̀ aró a jáde ní funfun. Àlàárì tí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ a jáde ní dúdú. Ẹtù, nítorí pé a ti rẹ ẹ́ títí tí kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ kankan padà mọ́, òun náà a jáde ní dúdú. Méjèèjì di ọ̀kan. Ti ìlẹ̀kẹ̀ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyùn pupa ọrùn ìjòyè a ṣú bí èédú, sẹ̀gi tí ó jẹ́ aláwọ̀ aró a sì mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Aláàfin Ṣíyànbọ́lá Ládìgbòlù Kìíní jọba ní Ọ̀yọ́ láti 1911 títí di 1944, ní àkókò tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣì wọ́pọ̀. Ẹni tí ó bá ń wo fọ́tò àwọn ìjòyè ìgbà náà, tí ó sì fi ojú lásán pinnu pé ìlẹ̀kẹ̀ tí ó dúdú jù lọ ni sẹ̀gi, ìdàkejì òtítọ́ gan-an ni ó lè dì mú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán ní ààfin. Ipò ẹni ni ó ń sọ.

Ìtàn fọ́tò aláwọ̀ fúnra rẹ̀, orí aṣọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, àfọ́jú sí pupa yìí sì wà nínú rẹ̀. Ní 1861, James Clerk Maxwell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi àwòrán kan han àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀já aṣọ aláràbarà ti ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ó wà nínú àwòrán náà. Thomas Sutton ni ó bá a yà á: ó gbé omi pupa síwájú kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, ó gbé omi aláwọ̀ ewé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé omi aláwọ̀ aró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sórí aṣọ funfun, àwọ̀ ọ̀já náà hàn. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Kodak tó ṣàlàyé, ní 1961, pé gíláàsì Sutton kò lè rí pupa rárá. Ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí ojú ènìyàn kì í rí, tí aṣọ pupa náà ń tan padà, ni ó bọ́ sí ipò pupa lójú gíláàsì náà. Oríire ni ó bá wọn ṣe é.

Fọ́tò tètè wọ Èkó. George da Costa, ọmọ Èkó, fi yíya fọ́tò ṣe iṣẹ́ òòjọ́ láti 1895, Neils Walwin Holm sì ti Gold Coast kó wá síbẹ̀ ní 1896. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì tẹ̀ síwájú gba Òṣogbo lọ sí Ìlọrin, kò gba Ọ̀yọ́, kò sì gba Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn míṣọ́nnárì kò dúró de irin kí wọ́n tó dé ìlú méjèèjì. Ní 1896 ni ìjọ C.M.S. gbé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wọn láti Èkó wá sí Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Andrew Mímọ́. Ní 1898 ni àwọn Onítẹ̀bọmi dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùsọ́-àgùntàn sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní 1907 ni dókítà wọn George Green sì dé síbẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn. Àwọn míṣọ́nnárì a sì máa ya fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn tí ń dá owó fún wọn ní ìlú òyìnbó. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ a máa sọ orúkọ òyìnbó tí ó wà láàárín. Àwọn adúláwọ̀ tí ó yí i ká a máa jẹ́ "àwọn ọmọ ìjọ" tàbí "olóyè kan".

Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Ìlú oníṣòwò ni. Kò sí ibi tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í dé: wọ́n wà ní Jos, wọ́n wà ní Kánò, wọ́n sì pọ̀ jọjọ ní àríwá ilẹ̀ Ghana, ní Tamale àti agbègbè rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní òkèèrè a máa ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé kí àwọn ará ilé lè rí i pé ó sanra, ó sì ń wọ aṣọ gidi. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú fi ilẹ̀ Ghana sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí a fún ní ọ̀sẹ̀ méjì kò lè gbé ilé, kò lè gbé ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò kò wúwo lẹ́rù. Ní irú agboolé bẹ́ẹ̀, bébà kan tí ó ti ń pọ́n lè jẹ́ gbogbo ẹ̀rí tí ó kù nípa ogún ọdún òwò. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, tí ó bá àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún ṣe iṣẹ́ ní 1975, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1978, ṣàkíyèsí bí àwọn Yorùbá ti ń jókòó fún fọ́tò bí ẹni jókòó fún ìdájọ́. Ó sì rí i pé bí ìbejì kan bá kú, wọn a ya èyí tí ó kù, wọn a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sójú bébà kan kí àwọn méjèèjì lè jọ wà pọ̀. Ohun tí a ń gbé fún ẹ̀rọ láti tún ṣe kì í ṣe bébà lásán lójú àwọn tí ó ni ín.

Fífi àwọ̀ sí fọ́tò kì í ṣe ohun tuntun. Ní Benin, Solomon Osagie Alonge, ẹni tí a bí ní 1911 tí ó sì kú ní 1994, ni ayàwòrán ààfin Ọba. Ó ṣí sítúdíò rẹ̀, Ideal Photo Studio, ní 1942, ó sì máa ń fi ọwọ́ kun àwọn fọ́tò dúdú àti funfun kan kí wọ́n lè ní àwọ̀. Ní 2014, ilé ìṣúra iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé rí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ àti ti ẹ̀rọ òde òní ni pé ẹni tí ń kun fọ́tò nínú ìlú ara rẹ̀ mọ bí iyùn ti rí, oníbàárà rẹ̀ sì wà láàyè láti bínú bí ó bá ṣì í.

Iṣẹ́ méjì ni kọ̀ǹpútà ń ṣe lórí fọ́tò tí ó ti ṣú, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ kìíní ni mímú un mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ a pín fọ́tò sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tóótòòtó, a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 0, tí ó jẹ́ dúdú pátápátá, títí dé 255, tí ó jẹ́ funfun báláú. Nínú fọ́tò tí ó ti gbó, gbogbo nọ́ńbà náà a ti há mọ́ àárín. A lè rí i pé kò sí ohun tí ó kéré sí 60, kò sì sí èyí tí ó ju 140 lọ. Ẹ̀rọ a wá nà án padà, kí dúdú lè dúdú, kí funfun sì funfun. Ìlà aṣọ tí ojú kò rí mọ́ a yọ, ilà ojú baba a yọ. Kò sí irọ́ nínú èyí, nítorí pé ohun tí ó wà lórí bébà ni a fà jáde.

Iṣẹ́ kejì, èyí tí í ṣe fífi àwọ̀ sí i, yàtọ̀ pátápátá. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì California ní Berkeley fi fọ́tò aláwọ̀ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kọ́ ẹ̀rọ, wọ́n sọ wọ́n di dúdú àti funfun, wọ́n sì ní kí ẹ̀rọ máa méfò àwọ̀ tí ó ti wà lára wọn. Láti 2018 ni irú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ náà mọ̀ pé koríko jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó sì mọ̀ pé ojú ọ̀run jẹ́ aró. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò tí a fi kọ́ ọ, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n ti wá, níbi tí ẹnìkan kì í gbé wọ ẹtù lọ síbi ìgbéyàwó. Ta ni ó kọ́ ọ ní àlàárì? Bí aṣọ kan bá lè jẹ́ pupa, tí ó sì lè jẹ́ aró, ẹ̀rọ tí kò mọ èyí tí ó jẹ́ a máa gba àárín kọjá, àárín náà a sì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ kan tí ó ṣá. Àwọ̀ ilẹ̀ yìí wá jọ sányán púpọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí kò gbọ́ orúkọ sányán rí ṣe ń wọ̀ ọ́ fún gbogbo baba ilé.

Àwọ̀ ara ènìyàn náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó dúdú bí kóró iṣin, tí ó wá wọ agbádá funfun, ìṣòro ni fún ayàwòrán àtijọ́: bí ìmọ́lẹ̀ bá tó fún ojú, aṣọ a funfun kọjá ààlà, bí ó bá tó fún aṣọ, ojú a ṣú. Nígbà tí fọ́tò bá wá gbó, ojú ni yóò kọ́kọ́ sọnù. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà a fà á síta, kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n dúró, wọn a fà á títí tí baba dúdú yóò fi di baba pupa. Oríkì ìdílé ń pe ènìyàn ní adú, àwòrán ń pè é ní apọ́nbéporẹ́. Èwo ni ọmọ-ọmọ yóò gbà gbọ́?

Àwọn kan yóò sọ pé ìyẹn kò le, pé kí a bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí a fi ń bèèrè. Nínú èdè Yorùbá, dúdú lè jẹ́ aró, ó lè jẹ́ èédú, ó sì lè jẹ́ ewé tí ó tutù yọ̀yọ̀. Pupa bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀jẹ̀, ó gba ara epo kọjá, ó sì dé ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Bí ọmọdé kan bá bi ìyá àgbà ní Ọ̀yọ́ pé "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, irú àwọ̀ wo ni aṣọ Bàbá?", tí ìyá sì dáhùn pé "Pupa ni, ọmọ mi", kò tíì rí ìdáhùn tí ẹ̀rọ lè lò. Orúkọ aṣọ ni kí ó bèèrè. Bí ìyá bá ní àlàárì ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Aṣọ náà kò lè jẹ́ àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́. Àwọ̀ a máa sá nínú ìrántí, orúkọ aṣọ kì í tètè sá.

Fọ́tò tí a yà ní aláwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tún ní ìwà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé adé lé Aláàfin Làmídì Ọláyíwọlá Adéyẹmí Kẹta ní Ọ̀yọ́ ní 1971, àti nígbà tí Ọba Jimoh Oyèwùmí Ajagungbadé Kẹta gorí àpèrè Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1973, fọ́tò aláwọ̀ ti ń wọlé. Ìpele àwọ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú irú bébà bẹ́ẹ̀, nínú ti àwọn ọdún náà sì ni èyí tí ó jọ aró ti máa ń kọ́kọ́ ṣá bí a bá kó wọn sínú àpótí. Ohun tí ó kù a pọ́n rúsúrúsú, ẹtù a sì dà bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú oje igi. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, díẹ̀ nínú aró náà ṣì wà lórí bébà. Kọ̀ǹpútà lè wọn ohun tí ó ṣẹ́kù nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fún èyí tí ó rẹ̀ ní okun. Dídá àwọ̀ padà ni èyí, nítorí pé ẹ̀rí wà. Ti fọ́tò baba orí ògiri, fífi àwọ̀ fún un ni. Orúkọ kan náà ni a ń pe méjèèjì ní sítúdíò, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀yọ́ mọ̀ nípa iṣẹ́ títún ohun tí ó sọnù ṣe. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe olùsọ́-àgùntàn ní ìlú náà, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òkè òkun, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó sì tún ìwé náà kọ. Ó tún bọ́ sínú ewu nígbà ogun, nígbà tí àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ tí ó gbé e lójú òkun, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ohun tí ó mú kí ìwé náà ní iyì ni pé Obadiah kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ gbangba pé ìwé tí ẹ̀gbọ́n òun kọ ti sọnù, àti pé ohun tí òun tún kó jọ nìyí. Ẹni tí ó bá ń kà á mọ ohun tí ó dì mú. Fọ́tò tí a fi àwọ̀ sí kì í ní irú ojú ewé bẹ́ẹ̀. Tuntun a bọ́ sórí ògiri, ògbólógbòó a bọ́ sínú ààtàn, ikán a sì parí ìyókù.

Kì í ṣe pé ẹ̀rí kò sí. Ní 1930, Frédéric Gadmer, ayàwòrán tí Albert Kahn olówó ilẹ̀ Faransé rán jáde, ya fọ́tò aláwọ̀ tí ó ju 1,000 lọ ní ilẹ̀ Dahomey tí ó bá wa pààlà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí àwọ̀ aṣọ àti ti ara adúláwọ̀ ti ń jáde lójú gíláàsì ní ayé ìgbà náà lè lọ wò wọ́n ní ilé ìṣúra Kahn ní ẹ̀bá Paris. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀rí náà sún mọ́ tòsí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ òfì kì í tètè gbó, a sì máa ń jogún rẹ̀. Ìlà tín-ín-rín ti ara ẹtù a máa hàn nínú fọ́tò lẹ́yìn tí a bá ti nà án padà, bí àwọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ hàn. Ahunṣọ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè ka ìlà náà kí ó sì sọ irú aṣọ tí ó jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí agbádá tí baba wọ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà ní kíká nínú àpótí, nínú yàrá kejì sí ibi tí fọ́tò gbé kọ́.